Aṣọ Alẹ́ Ọjọ́ Kan

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí Yorùbá sọ ní ìlú Houston, kí ìgbà prọ́ọ̀mù tó wọlé

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ tẹ̀lé wọn wá, ẹ kú sùúrù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó ní kí n wá sọ̀rọ̀. Télọ̀ ni mí, ohun tí ojú mi rí nídìí máṣíìnì ni mo sì fẹ́ sọ. Mushin ni mo ti kọ́ṣẹ́, ọdún mẹ́ta gbáko lọ́dọ̀ ọ̀gá mi kí n tó gba fúríídọ̀m. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá báyìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ náà ní Texas níbí, ṣùgbọ́n aṣọ tí mo ń tún ṣe pọ̀ ju èyí tí mo ń rán lọ. Láti oṣù kìíní ni aṣọ prọ́ọ̀mù, ijó alẹ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ti ń dé. Bó bá fi máa di oṣù kẹrin, àfi kéèyàn máa fẹ̀gbẹ́ rìn láàárín wọn nínú ṣọ́ọ̀bù mi.

Ní oṣù kẹrin ọdún tó kọjá, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ wọlé tọ̀ mí wá. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ náà fi apá méjèèjì gbé aṣọ rẹ̀ bí ẹni gbé ìkókó. Aṣọ búlúù ni, ó gùn gbọọrọ dé ilẹ̀, ó là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, síkúìnsì sì bò ó láti àyà dé ẹsẹ̀. Ó wọ̀ ọ́, ó gun orí àpótí kékeré tí mo fi ń wọn ẹsẹ̀ aṣọ. Mo kúnlẹ̀, mo fi píìnì há ẹnu, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu ọmọ yìí. Ìyá rẹ̀ jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì di báàgì rẹ̀ mọ́ ikùn.

"Ẹ̀gbọ́n, èló lẹ máa gbà?"

Mo ní $110, nítorí síkúìnsì yẹn, ọwọ́ la fi ń tú u níkọ̀ọ̀kan lójú ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ á kán. Ó ní, "Ó dáa, ẹ ṣeun." Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Obìnrin Yorùbá tí kò ná ọjà, nǹkan wà níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ wọ yàrá lọ bọ́ aṣọ, ìyá sún mọ́ mi, ó sọ ọ́ sí mi létí pé òun ò tíì san owó ilé oṣù yẹn. $680 ni wọ́n ta aṣọ náà. Owó-orí ọjà tí à ń san ní Houston, 8.25%, sọ ọ́ di $736.10. Àwìn ló rà á, orí káàdì. Mo bi í pé ṣé ọmọ mọ̀. Ó ní, "Ọmọ ẹni ò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ fún un?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé wá síwájú yín lónìí. Mi ò wá bú ìyá yẹn, mi ò sì wá sọ pé kí ọmọ yín má lọ síbi ijó. Ohun tí mo rí ni pé bí a ṣe ń pa owó aṣọ yìí mọ́ra wa lẹ́nu ló jẹ́ kó máa ga. Ìyá ò sọ fọ́mọ, ọmọ ò sọ fún ìyá, ẹni tó ń tà á náà ò sì ní bá wa dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: prọ́ọ̀mù ni ijó alẹ́ tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama máa ń ṣe fún ọmọ kíláàsì tó kẹ́yìn àti àwọn tó tẹ̀lé wọn, ní oṣù kẹrin tàbí oṣù karùn-ún. Àgékúrú promenade ni, ìyẹn kéèyàn máa rìn gbẹ̀fẹ́. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìhà àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1894, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Amherst College ní Massachusetts kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé wọ́n pe òun sí prọ́ọ̀mù ní Smith College. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ girama, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́mọ ń wọ̀ lọ, gbọ̀ngàn eré ìdárayá ni wọ́n sì ti ń jó. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, nígbà tí owó wá sọ́wọ́ ará Amẹ́ríkà, ijó kó lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, aṣọ náà sì bá a lọ. Àwọn òbí bíi tiwa ló ń fi kún un lọ́dọọdún títí ó fi dé ibi tó dé yìí.

Ní Texas tiwa, prọ́ọ̀mù ò tíì dé tí homecoming, ayẹyẹ tí ilé-ẹ̀kọ́ ń ṣe níbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, ti gba tirẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ẹ mọ òdòdó ńlá tí wọ́n ń pè ní mum, tí ọmọ ń gbé kọ́ àyà, tí wọ́n á so ríbọ́ọ̀nù, agogo wẹ́wẹ́ àti béárì onírun mọ́ títí á fi gùn dé orúnkún. Òun náà máa ń lé ní $100. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Mo gbé aṣọ kan dání, ẹ jẹ́ kí n yí inú rẹ̀ síta kẹ́ ẹ wò ó. Ẹni tó ra èyí gan-an fi sílẹ̀ fún mi, kò sí àṣírí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì polyester lẹ̀ ń wò yìí, wọ́n rán síkúìnsì oníke mọ́ ọn. Láínììn náà, polyester ni. Àwọn ọ̀pá ike tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́jọ ló mú àyà rẹ̀ dúró. Fóòmù méjì nìyí, síìpù kan nìyí. Kò sí sílíìkì kankan nínú rẹ̀. Ilẹ̀ China ni wọ́n ti rán èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ìlú wà níbẹ̀, bíi Chaozhou àti Suzhou, tó jẹ́ pé aṣọ ìgbéyàwó àti aṣọ òde ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń jẹun.

Mi ò sọ pé iṣẹ́ ò sí níbẹ̀ o. Ẹni tó fi síkúìnsì yìí sí i jókòó tì í fún ọ̀pọ̀ wákàtí, mo sì mọ bí ọrùn ṣe ń dun èèyàn. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló gba $680. Owó ẹrù wà níbẹ̀, èrè ilé iṣẹ́ tó lẹ orúkọ mọ́ ọn wà níbẹ̀, owó ilé ṣọ́ọ̀bù àti iná tó ń tàn sára dígí wà níbẹ̀. Àsìkò prọ́ọ̀mù kì í ju oṣù mélòó kan lọ. Aṣọ tí ṣọ́ọ̀bù ò bá rí tà kí oṣù karùn-ún tó parí, ọdún tó ń bọ̀ ó ti di aṣọ àtijọ́, nítorí náà èyí tí àwa rà ló ń san gbèsè èyí tí ẹnikẹ́ni ò rà. Ẹ tún wo 2025. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, àárín gbùngbùn àsìkò wa, owó-orí tí ìjọba Amẹ́ríkà fi lé ọjà China gòkè dé 145%. Oṣù karùn-ún ni wọ́n tó dín in kù. Àwọn tó máa ń rà á tààrà láti China lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà ò ráyè sá, torí ẹrù tí kò ju $800 lọ kì í san owó-orí ibodè tẹ́lẹ̀, àmọ́ àǹfààní yẹn dópin fún ẹrù China ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún. Ẹ má sì fi ọkàn sí ọjọ́ tí Texas ń fojú fo owó-orí ọjà ní oṣù kẹjọ. Aṣọ tí kò tó $100 nìkan ló wà fún.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù ló kàn. Bí ẹ bá mú ọmọ yín wọ ṣọ́ọ̀bù aṣọ prọ́ọ̀mù ńlá, wọ́n á bi í pé ilé-ẹ̀kọ́ wo ló ń lọ. Wọ́n ní àkọsílẹ̀: aṣọ báyìí, àwọ̀ báyìí, ilé-ẹ̀kọ́ báyìí. Bí ọmọ kan láti ilé-ẹ̀kọ́ yẹn bá ti rà á, wọn ò ní tà á fún èkejì. Ara ohun tí ọmọ ń sanwó fún ni pé kí aṣọ òun má jọ ti ẹnikẹ́ni.

Ẹ fi wé tiwa. Nígbà tí à ń san owó aṣọ ẹbí, kí aṣọ wa lè jọra là ń san án fún. Igba èèyàn á wọ gbọ̀ngàn nínú léèsì kan náà, ẹni tó ti Lekki wá àti ẹni tó ti Agége wá, ẹni tó ń wo wọ́n látòkèèrè ò ní tètè mọ èwo lolówó. Mo mọ̀ pé aṣọ ẹbí náà ti di ìnira. Mo mọ ẹni tó jẹ gbèsè nítorí rẹ̀, mo tilẹ̀ ti rán aṣọ fún ẹni tí kò rí owó iṣẹ́ mi san tán dòní. Síbẹ̀, gbogbo wa la mọ iye tí wọ́n ń ta aṣọ ẹbí. A lè pera wa lórí fóònù ká jọ kùn ún. A lè ní kí ìyá ìyàwó dín in kù. Ẹni tí kò bá lágbára á ra gèlè nìkan, á wá aṣọ tó bá a mu nínú àpótí, kò sì sẹ́ni tó máa lé e jáde. Ọmọ tó ń lọ sí prọ́ọ̀mù dá nìkan wà. Kò gbọ́dọ̀ fi aṣọ rẹ̀ han ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí di alẹ́ ọjọ́ náà, bí kò sì ti lè fi aṣọ hàn, kò lè sọ iye rẹ̀. Ta ni yóò wá sọ fún un pé, "Ọ̀rẹ́ mi, èyí ti pọ̀ jù"?

Ilé iṣẹ́ Visa tó ń ṣe káàdì ṣe ìwádìí lórí owó yìí fún ọdún mélòó kan. Ní 2013, iye tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní àwọn máa ná lórí prọ́ọ̀mù jẹ́ $1,139 ní ìpíndọ́gba. Ní 2015 ó wálẹ̀ sí $919: aṣọ, bàtà, irun, ọkọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì, àti $324 lórí bí ọmọkùnrin tàbí ọmọbìnrin ṣe ń bẹ ẹnìkejì rẹ̀ pé kó bá òun lọ. Ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Lọ́dún 2015 yẹn, ìdílé tí owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún kò tó $25,000 ní àwọn máa ná $1,393. Àwọn tí tiwọn ju $50,000 lọ ní $799.

Mo ka á lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Ẹni tó ń gba $25,000 lọ́dún, $1,393 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ìjọba tó yọ tiwọn. Àwọn kan á ní aláìní ò mọ owó ná. Èmi tí mo ń kúnlẹ̀ síwájú àwọn ọmọ yìí, tí mo ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lórí àpótí mi, mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ olówó ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí ayé fi ń rí i. Ó ní ọjọ́ tó wa ọkọ̀ tuntun wá sílé-ẹ̀kọ́, ó ní ìsinmi tó lọ lókè òkun. Ọmọ tiwa, ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń pe orúkọ rẹ̀ ní ìpè-kúpè, tí wọ́n ń fi oúnjẹ tó gbé wá láti ilé ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń wo alẹ́ kan ṣoṣo tí gbogbo wọn máa wò ó tí ẹnikẹ́ni ò ní rẹ́rìn-ín. Àwa òbí mọ̀ ọ́n lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ. Àwa náà la kọ́ ọ pé aṣọ là ń kí kí á tó kí èèyàn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fa káàdì yọ.

Ní 2017, ìyá kan ní Philadelphia sọ ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń lọ sí prọ́ọ̀mù di Dubai. Ó da yanrìn tọ́ọ̀nù mẹ́ta sójú títì, ó mú ràkúnmí wá, gbogbo rẹ̀ sì tó $25,000. Wọ́n bú u káàkiri ayé. Nígbà tí mo rí àwòrán rẹ̀, ojú àwọn aládùúgbò tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ni mo ń wò. Ó fẹ́ kí wọ́n rí ọmọ òun. Mo mọ ìfẹ́ yẹn, ó wà lára èmi náà.

Ó ti dé ilé pàápàá. Àbúrò mi ní Ìbàdàn pè mí pé kí n fi aṣọ prọ́ọ̀mù ránṣẹ́ fún ọmọ òun, nǹkan tí a ò mọ̀ nígbà tiwa. Ní 2025, ìjọba ìpínlẹ̀ Imo tilẹ̀ fòfin de ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi àti àwọn tó parí JSS 3, nítorí owó tó ń já lé àwọn òbí léjìká.

Kí ni mo ní kẹ́ ẹ ṣe? Ẹ jókòó ti ọmọ kẹ́ ẹ tó jáde nílé. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ gbé owó sórí tábìlì, kẹ́ ẹ jẹ́ kó rí owó ilé, owó iná, owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí màmá yín nílé. Ẹ sọ iye kan fún un, kẹ́ ẹ sì sọ pé gbogbo ẹ̀ ló wà nínú iye yẹn: aṣọ, owó-orí, tíkẹ́ẹ̀tì, bàtà, àti owó tèmi. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé télọ̀. Aṣọ $300 tó tóbi ju ọmọ lọ, tí ẹ rà nítorí pé wọ́n dín owó rẹ̀, tí mo bá dín ìbàdí rẹ̀, tí mo dín àyà, tí mo ká ẹsẹ̀ rẹ̀, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó $500 kó tó kúrò lọ́wọ́ mi. Ẹ mú bàtà tó máa wọ̀ wá lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ wọn ẹsẹ̀ aṣọ, torí bí ó bá pààrọ̀ bàtà, mo máa tún un ṣe, ẹ sì máa tún san owó.

Àwọn kan máa ń sọ pé kí ọmọ wọ aṣọ òkè. Inú mi dùn sí i. Ní 2015, ọmọbìnrin kan ní East Orange, ní New Jersey, Kyemah McEntyre, fọwọ́ ara rẹ̀ ya aṣọ prọ́ọ̀mù rẹ̀, wọ́n fi àǹkárá oníṣẹ́ dàṣíkí rán an, òun ni wọ́n fi ṣe ọbabìnrin prọ́ọ̀mù lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó bi í pé ilé iṣẹ́ wo ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Aṣọ òkè tó dáa láti Ìsẹ́yìn, owó télọ̀ ní Èkó, owó tí ẹ máa fi gbé e dé ibí kíákíá, ẹ ṣírò ó dáadáa. Mo mọ ọmọ tí tirẹ̀ dé lọ́jọ́ kejì ijó. Ìyá rẹ̀ ti sáré ra òmíràn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, owó méjì ló san.

Ọ̀nà tí ọkàn mi fà mọ́ jù ni kí aṣọ máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ní Chicago, àwọn tó ń jẹ́ Glass Slipper Project ti ń fún ọmọ tí òbí rẹ̀ ò ní lówó ní aṣọ prọ́ọ̀mù láti 1999. Ní Florida, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rebecca Kirtman kó aṣọ tó lé ní 250 jọ ní 2003, ó pín in fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìjàǹbá ọkọ̀ pa á ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ọmọ ọdún 16. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ẹgbẹ́ Becca's Closet tó ń bá iṣẹ́ náà lọ. Ọmọ ọdún 16 ló ronú kan èyí, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwa tí a ti ń jogún ìró àti bùbá ìyá wa láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ó yẹ kó rọ̀ wá lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn tí mo bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà ti ń gbọ́ wa látinú yàrá. Nígbà tó jáde, aṣọ búlúù wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ti lé sí i lójú. Ó ní, "Mummy, ẹ ò sọ fún mi." Ohun tó sọ nìyẹn. Ó ní ká dá aṣọ padà. Ìyá mú rìsíìtì jáde, wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjà tí a bá tà kò ṣeé dá padà. Àwọn méjèèjì wá ń wo ara wọn. Ọmọ ní òun ì bá ti wọ aṣọ tí ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ òun fẹ́ yá òun, òun rò pé ojú máa ti mọ́mì òun ni.

Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo sọ fún wọn pé mi ò ní gé ẹsẹ̀ aṣọ yẹn. Mo máa ká íǹṣì mẹ́rin sínú, mo máa fi ọwọ́ rán an, kí ẹlòmíràn tó ga ju ọmọ yìí lọ lè tú u sílẹ̀. Mo ní bí ọmọ bá lè wá jókòó tì mí lọ́jọ́ Sátidé méjì kó máa bá mi tú síkúìnsì, $40 ni mo máa gbà. Ó wá. Mo kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń gé okùn rẹ̀ láìjẹ́ kí ìyókù já, ó ń kó wọn sínú ife kan níkọ̀ọ̀kan. Ìyá rẹ̀ náà wá ní Sátidé kejì, ó mú mọ́ínmọ́ín dání, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe é títí di ọ̀sán. Nígbà tó lọ jó, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan kan wà ní kíká nínú aṣọ yẹn.

Ó dá aṣọ náà padà fún mi nínú oṣù kẹfà. Ọmọ mìíràn ti wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ga jù ú lọ, mo ti tú íǹṣì méjì sílẹ̀. Síkúìnsì ṣì wà nínú ife.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, láti aago mẹ́wàá àárọ̀, ṣọ́ọ̀bù mi máa wà ní ṣíṣí fún gbogbo yín. Aṣọ tó ti lọ sí prọ́ọ̀mù rí, tó wà nínú wọ́dúróòbù yín láti ọdún méjì, mẹ́ta, ẹ kó o wá. Ẹ kọ iye tí ẹ rà á sí ìwé kékeré, kẹ́ ẹ fi píìnì há a mọ́ ọn lára, kí àwọn ọmọ rí i. Bí ẹ bá ní hángà nílé, ẹ bá mi mú un dání, torí tèmi ò ní tó.